Akọ Ajá Inú Festac: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Tẹ̀ Ẹ́ Lọ́dàá?

Àwọn tó ya àwòrán Festac Town kò ka ajá mọ́ àwọn tó máa gbé ibẹ̀. Ilé àlejò ni wọ́n ń kọ́, fún àwọn òṣèré, olórin àti oníṣẹ́ ọnà tó ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 wá ṣe FESTAC '77, àjọ̀dún tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1977 tó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Nígbà tí àlejò lọ tán tí ìjọba fi ìbò pín àwọn ilé náà, àwọn tó kó wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí àlejò oṣù kan kì í rò: ta ló ń wọlé lóru? Ògiri ń ga sí i, wáyà gun orí ògiri, géètì dé ẹnu àwọn òpópónà kékeré tí à ń pè ní close, wọ́n sì ń tì í tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ajá náà dé. Láti First Avenue títí dé Seventh Avenue, àti ní ẹ́sítéètì Amuwo-Odofin tó bá a pààlà, German Shepherd, Rottweiler, Boerboel àti Caucasian ló wà lẹ́yìn géètì, pẹ̀lú Bingo ìbílẹ̀ wa tí ẹnikẹ́ni kì í ra lówó gọbọi. Akọ ni ọ̀pọ̀ onílé ń béèrè, nítorí wọ́n gbà pé akọ ló mọ ilé í ṣọ́, àti pé abo á kàn máa bímọ sí wọn lọ́rùn ni.

Ọ̀rọ̀ bóyá ká tẹ irú akọ bẹ́ẹ̀ lọ́dàá kì í sábà jáde àfi tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Ajá ti fo ògiri, wọn ò rí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Tàbí ó ti bá ajá aládùúgbò jà. Tàbí ó ti bu ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà jẹ. Ìgbà náà ni ẹnìkan á sọ pé, "Ẹ gé kórópọ̀n ẹ̀, ara ẹ̀ á balẹ̀," tí ẹlòmíràn á sì fèsì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ajá yẹn jẹ́." Àwọn méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú kórópọ̀n ni ìbínú ajá ń gbé. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìpinnu náà ti ń ṣìnà. Ohun tí ìtẹ̀lọ́dàá ń mú kúrò lára akọ ajá jù lọ ni ìrìn, ìyẹn ìrìn àrè lẹ́yìn abo. Àwọn nǹkan yòókù tí wọ́n ń retí níbẹ̀, díẹ̀ ló ń tibẹ̀ wá, òmíràn kò tilẹ̀ tibẹ̀ wá rárá. Nítorí náà, ní àdúgbò bíi Festac, ẹni tó ní akọ ajá tí kò sì sìn ín fún ìran, ó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ṣùgbọ́n kó dúró kí eegun ajá náà gbó tán, kó sì mọ̀ pé torí ìrìn lòun ṣe ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo ìrìn náà dáadáa, nítorí ẹni tí kò bá tíì rí i kò ní mọ bó ṣe le tó. Abo ajá máa ń wá akọ ní bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Òórùn rẹ̀ ń bá atẹ́gùn rìn. Níbi tí ilé ti fara kan ilé, abo kan ṣoṣo tó láti gba oorun lójú gbogbo akọ tó wà ní close mẹ́rin tó yí i ká. Wọn kò ní fẹnu kan oúnjẹ, wọ́n á máa ké, wọ́n á máa gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ géètì. Ìṣẹ́jú tí mẹ́gàádì bá ṣí géètì fún mọ́tò, ajá ti bọ́ síta. Àwọn ọdẹ mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé fèrè kì í ró létí irú ajá bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe inú igbó ló ń lọ. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Badagry ló wà lẹ́nu First Gate Festac, tírélà tó ń lọ sí èbúté Apapa àti Tin Can ń gba Mile 2 kọjá, kò sì sí ajá tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de tírélà. Èyí tó bá padà wálé lè gbé egbò ìjà bọ̀, ó sì lè gbé ohun tó burú ju egbò lọ bọ̀.

Wọ́n ti wọn ohun tí ìtẹ̀lọ́dàá ń ṣe sí ìrìn yìí. Ní ọdún 1976, Hopkins, Schuerman àti Hart tẹ jáde ní Amẹ́ríkà ohun tí wọ́n rí lára akọ ajá 42 tó ti dàgbà kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n lọ́dàá. Nínú àwọn tó ti ń rìn kiri tẹ́lẹ̀, 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló dín ìrìn kù tàbí tí wọ́n fi í sílẹ̀ pátápátá. Bíbá akọ ẹgbẹ́ wọn jà dín kù lára nǹkan bí 6 nínú 10, títọ̀ káàkiri inú ilé sì dín kù lára ìdajì wọn. Ní ọdún 1997, Neilson, Eckstein àti Hart kan náà tún wò ó lára ajá 57, èsì tiwọn kò sì dùn tó ti ìṣáájú: nǹkan bí 6 nínú 10 ni ìrìn kiri, gígun nǹkan àti títọ̀ kiri wọn fi ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín kù. Mo gba èsì kejì yìí gbọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ajá tí wọ́n lò pọ̀ jù, ìṣirò wọn sì le jù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í ṣàkíyèsí: ọjọ́ orí ajá nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá kò yí èsì padà, bẹ́ẹ̀ ni iye ìgbà tí ìwà náà ti wà lára rẹ̀ kò yí i padà. Ajá ọdún mẹ́ta tó ti mọ ìrìn dunjú jàǹfààní bíi ti ọmọ ọdún kan. Èyí ló túmọ̀ sí pé ẹni tó bá dúró kò pàdánù ohunkóhun.

Ti ìgbójú àti ìgéjẹ ńkọ́? Níbẹ̀ ni ìtẹ̀lọ́dàá ti máa ń já èèyàn kulẹ̀. Ajá tó ń bu àlejò jẹ, tó ń ṣọ́ abọ́ oúnjẹ rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, tó ń kọlu ọmọdé tó bá sáré kọjá, ẹ̀rù tàbí àìkọ́ ló sábà ń ṣe é, ọ̀bẹ dókítà kò sì lè gé ẹ̀rù kúrò. Ó tilẹ̀ lè dá kún un. Ní ọdún 2018, McGreevy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà fi hàn pé bí akọ ajá bá ṣe pẹ́ tó pẹ̀lú kórópọ̀n rẹ̀ ni ìwà tó jọ mọ́ ẹ̀rù ṣe ń kéré sí i lára rẹ̀. Ìwádìí irú èyí kò lè sọ pé ìtẹ̀lọ́dàá ló fa ẹ̀rù náà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti tẹ ajá wọn lọ́dàá nítorí pé ó ti ń ṣe ségesège. Síbẹ̀, ó tó kí ẹni tí ajá rẹ̀ ń gbọ̀n tí ààrá bá sán, tó ń sá wọ abẹ́ mọ́tò tí àlejò bá dé, fi tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Owó tó fẹ́ san fún iṣẹ́ abẹ, kó san án fún ẹni tó mọ ajá í kọ́, kó sì jẹ́ kí wọ́n tú ajá náà kúrò lórí ẹ̀wọ̀n tó ń gbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àtakò tí onílé ń kọ́kọ́ gbé dìde ni pé ajá tí a bá tẹ̀ lọ́dàá kò ní ṣọ́ ilé mọ́. Àtakò yìí lágbára, nítorí torí ìṣọ́ ni wọ́n ṣe rà á. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ta ló sọ pé abo kì í ṣọ́ ilé? Abo kò ní kórópọ̀n, ó sì ń gbó, ó ń dènà, ó ń mú olè lẹ́sẹ̀. Gbígbó sí àjèjì àti mímọ ààlà ilé ẹni, ìran àti ẹ̀kọ́ ló ń gbìn ín sínú ajá, kì í ṣe ìfẹ́ abo. Ní Bìrìtéènì, ọ̀pọ̀ jù lọ ajá tó ń fọ̀nà han afọ́jú ni wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, iṣẹ́ wọn sì gba ìfarabalẹ̀ àti ìgboyà nínú èrò ju iṣẹ́ ajá ẹnu géètì lọ. Àwa Yorùbá náà kò ṣe àjèjì sí èrò yìí. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn ìwẹ̀fà, ìyẹn àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, ni Aláàfin fi ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ lé lọ́wọ́: Ọ̀nà Ẹ̀fà ń dájọ́, Ọ̀tún Ẹ̀fà ń bójú tó ẹ̀sìn, Òsì Ẹ̀fà sì ń dúró nípò ọba nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ lójú wọn pé wọn kò lè ṣọ́ nǹkan. Ara ìdí tí wọ́n fi fọkàn tán wọn ni pé ohun tó ń fa ọkùnrin kúrò nídìí iṣẹ́ kò fà wọ́n. Akọ ajá tí òórùn abo kò lè mú kúrò lẹ́nu géètì ní alẹ́ ọjọ́ tí olè fẹ́ dé, ó sàn fún ìṣọ́ ju èyí tó ti tẹ̀ lé òórùn abo dé Satellite Town lọ.

Ọ̀rọ̀ àìsàn ni èmi ìbá gbé ṣáájú ká ní ẹ̀rù kò bà mí pé òǹkàwé á sá. Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ẹranko ní Nàìjíríà ń rí déédéé, tí ajá ń kó nígbà tí wọ́n bá ń gùn. Kókó ni, ó máa ń hù sí nǹkan ọmọkùnrin ajá tàbí ojú ara abo, ó máa ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì dà bí ewébẹ̀ tó ń rúwé. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé kì í ṣe kòkòrò ló ń fà á. Ara ẹran jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ ló ń já bọ́ láti ara ajá kan tó sì ń gbilẹ̀ lára òmíràn, gbogbo rẹ̀ tó wà káàkiri ayé lónìí sì ti ara ajá kan ṣoṣo wá, tó gbé ayé ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ajá náà ti kú, jẹjẹrẹ rẹ̀ ń rìn. Ibi tí ajá bá ti ń rìn fàlàlà ló ti ń gbilẹ̀. Ní àwọn ìlú tí ajá kì í dá rìn, kò wọ́pọ̀. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ vincristine wò ó, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó sì sábà máa ń lọ, ṣùgbọ́n owó ni, àkókò ni, oògùn náà sì le fún ẹni tó ń fà á sínú síríńjì pàápàá. Akọ tí kì í lọ wá abo kì í sábà rí i kó. Yàtọ̀ sí èyí, ajá tí kò ní kórópọ̀n kò lè ní jẹjẹrẹ kórópọ̀n, ẹṣẹ́ prostate rẹ̀ kò sì ní wú lọ́jọ́ ogbó débi tí ìgbẹ́ á fi ṣòro fún un. Ẹ̀gbẹ́ kejì náà wà o: jẹjẹrẹ prostate gan-an, tó ṣọ̀wọ́n, wọ́pọ̀ lára èyí tí a tẹ̀ lọ́dàá ju èyí tí a kò tẹ̀ lọ, ara wọn sì tètè ń sanra. Ti sísanra kò ju pé ká dín oúnjẹ rẹ̀ kù ní bí ìdá kan nínú márùn-ún, ká sì máa mú un rìn. Ẹ̀bà àjẹkù tó ń jẹ lálaalẹ́ ló ń mú un sanra, kì í ṣe dókítà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí jù. Ìmọ̀ràn pé ká tẹ ajá lọ́dàá ní oṣù mẹ́fà wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí ilé ìtọ́jú ajá aláìnílé ti kún, tí wọ́n sì ń wá bí ajá kò ṣe ní bímọ kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ìṣòro tiwọn nìyẹn. Ní Yunifásítì California ní Davis, Benjamin àti Lynette Hart pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ọdún 2013, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí Golden Retriever. Nígbà tí wọ́n dé orí German Shepherd ní ọdún 2016, wọ́n rí i pé nínú akọ tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá, 7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àìsàn oríkèé. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá kó tó pé ọdún kan, 21 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Testosterone tó ń ti kórópọ̀n wá wà lára ohun tó ń sọ fún eegun gígùn pé ó tó, kó yé ga. Tí wọ́n bá mú un kúrò ní kùtùkùtù, eegun á ga ju bó ṣe yẹ lọ, orúnkún kò sì ní bá a mu. Nínú ìwádìí wọn tó tẹ̀ lé e ní 2020 lórí irú ajá 35, wọ́n rí i pé èyí kò kan àwọn ajá kéékèèké bíi Chihuahua tó bó ṣe kan àwọn ńlá. Ẹ wá wo irú ajá tó kún inú Festac. Ńlá ni wọ́n. German Shepherd, Rottweiler, Boerboel: kí wọ́n pé ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀bẹ sún mọ́ wọn. A sì ti rí i pé ìdúró yìí kò dín àǹfààní ìrìn kù. Ẹni tó ní Bingo tàbí Lhasa lè ṣe é ṣáájú ìyẹn.

Àwọn kan á sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run kò yẹ ní bíbàjẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn baba wa tó ń tẹ òbúkọ lọ́dàá kó lè sanra, kí ẹran rẹ̀ má sì rùn, kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, ikùn tiwọn ni wọ́n sì ṣe é fún. Àtakò tó gbọ́n ju èyí lọ ni ti àwọn ará Norway. Òfin ààbò ẹranko tí wọ́n ṣe ní 2009 kò gbà kí wọ́n gé ẹ̀yà ara ẹranko láìsí ìdí tó kan ìlera tàbí ìtọ́jú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, olówó ajá ló yẹ kó dí ajá rẹ̀ mú, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ká ní gbogbo onílé ní Amuwo-Odofin ń fi okùn mú ajá wọn rìn lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí géètì wọn kì í sì í ṣí sílẹ̀, èmi náà á gba tiwọn. Ṣùgbọ́n ilé tí ìdílé mẹ́rin jọ ń lo géètì kan, tí alágbàṣe, ọlọ́jà gáàsì àti ọmọ iléèwé ń wọlé-jáde, kò lè mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ìdí tí òfin Norway ń béèrè wà níbí: ẹ̀mí ajá náà ni.

Ti owó kírọ́ọ̀sì, ìyẹn owó tí wọ́n ń san kí akọ lè gun abo, kò gba àlàyé púpọ̀. Òótọ́ ni pé olówó akọ ń gba owó tàbí ọmọ kan nígbà tí ìyá bá bímọ, àwọn kan sì ń fi í jẹun. Ẹni tó ní akọ tí wọ́n ti yẹ ìgbáròkó rẹ̀ wò, tó mọ baba àti ìyá rẹ̀, tó ń béèrè ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ olówó abo, kó máa sìn ín. Ẹni tó ń dúró de kírọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì, kó fi owó yẹn wé iye tírélà tó wà lọ́nà Badagry.

Àwọn tó ń sọ pé kí gbogbo wa tẹ akọ lọ́dàá kí ajá ìgboro lè dín kù tún ń sọ ohun mìíràn, mi ò sì bá wọn sọ ọ́. Akọ kan lè fún abo mẹ́wàá lóyún. Tí ẹ bá tẹ mẹ́sàn-án nínú akọ mẹ́wàá lọ́dàá, èyí tó ṣẹ́ kù á ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn. Ní Jaipur ní Íńdíà, àjọ Help in Suffering bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dídín ajá ìgboro kù ní 1994, abo ni wọ́n sì dojú kọ, wọ́n ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ìbímọ, wọ́n sì ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ajá ìgboro dín kù, àrùn náà sì lọ sílẹ̀. Ìtẹ̀lọ́dàá akọ kò tilẹ̀ kan dìgbòlugi ní tààrà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ló ń kú nípa rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ìgéjẹ ajá sì ń fa nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó ń dá a dúró ni kí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá àdúgbò gba abẹ́rẹ́. Nítorí náà, onílé tí owó rẹ̀ kò tó fún méjèèjì lọ́dún yìí, abẹ́rẹ́ ni kó san. Ìtẹ̀lọ́dàá lè dúró dọdún tó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ kò lè dúró.

Ọ̀rọ̀ ta ló máa ṣe é ló kù. Àwọn kan wà tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú abẹ, tí wọ́n á di ajá mọ́lẹ̀ láìsí oògùn oorun, wọ́n sì gbówó kékeré. Ẹ má gbà wọ́n láàyè. Iṣẹ́ abẹ ni ìtẹ̀lọ́dàá: ajá á gbààwẹ̀ láti alẹ́, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, dókítà á la ojú kékeré kan níwájú ẹpọ̀n, á di òpó ẹ̀jẹ̀ kó tó gé e, ajá á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Kí ẹni tó ń ṣe é jẹ́ dókítà ẹranko tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria, kó sì ní oògùn ìrora tí ajá á lò nílé. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta ń kọ́ irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀. Bí kórópọ̀n kan kò bá tíì sọ̀kalẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí èyí tó fara sin sínú ikùn yẹn ló léwu jù láti di jẹjẹrẹ, tirẹ̀ kò sì gba ìdúró bíi ti àwọn yòókù. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín pé àwọn á kàn di òpó àtọ̀ rẹ̀ ni, kí kórópọ̀n lè wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ajá náà kò ní lè fún abo lóyún, ṣùgbọ́n kò ní yé rìn. Ọgbẹ́ ìtẹ̀lọ́dàá á jinná ní ọjọ́ 10 sí 14, kí wọ́n fi kọ́là ọrùn dè é kó má lè lá a. Àtọ̀ tó ti wà nínú òpó kò ní tán lójú ẹsẹ̀, ó ṣì lè fún abo lóyún láàrin ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, testosterone tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á tètè lọ, ṣùgbọ́n ìwà tó ti mọ́ ọn lára lè gba oṣù díẹ̀ kó tó yí padà.